Èyí Tó Tẹ̀, Èyí Tó Kán

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí irin kékeré kan ti wà nínú báàgì tí mo fi ń kó ìwé iṣẹ́ mi. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Ara rẹ̀ ń dán bíi dígí, ṣùgbọ́n ibi tó ti kán rí ṣákiṣàki, ó ń ta wíníwíní bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ ṣúgà onígun sí méjì. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé n ó jù ú nù, ojoojúmọ́ náà ni mo sì ń dá a padà sáyè rẹ̀. Ààbọ̀ ọwọ́ ìjánu máṣíìnì mi ni.

Iṣẹ́ àgíríìkì ni mò ń ṣe. Àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ni mo máa ń bẹ̀ wò, láti Àrámọkọ ní Èkìtì títí kọjá Ìtawùrẹ́, dé àwọn ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí mọ bí òkè rẹ̀ ṣe rí. Bí máṣíìnì bá ń gòkè, ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe wàhálà. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ ẹni tó gùn ún ló kù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ irin tó tó ìka yìí fi gbé mi lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀.

Ìdán ló wù mí

Nígbà tí mo wọ Adó láti lọ ra ọwọ́ ìjánu tuntun, èyí tó wà lára máṣíìnì mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó kàn ti gbó lójú ni. Honda CG125 ni mò ń gùn, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1976 fún àwọn ilẹ̀ tí eruku ti pọ̀, tí ọ̀nà ò dára, tí ẹni tó ni máṣíìnì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè tọ́jú rẹ̀. Tèmi ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ìjánu rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú díẹ̀, orí rẹ̀ ti ha, àwọ̀ fàdákà rẹ̀ sì ti di àwọ̀ eérú.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo ohun tó ń dán. Ẹ lọ dúró ní Ìjìgbò tàbí Òkèṣà láàárọ̀ kùtù, kí ẹ wo àwọn ọlọ́kadà. Ẹ ó rí ẹni tó so rìbọ́nì mọ́ hándù, ẹ ó rí ẹni tó kọ àdúrà sára mọ́dígáàdì, ẹ ó rí ẹni tó ti nu tánkì rẹ̀ títí tí ojú ọ̀run fi ń hàn nínú rẹ̀. Ẹni tó ń jókòó lórí nǹkan kan láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tó ń fi í bọ́ ọmọ, tó ń fi í sanwó ilé, ó tọ́ kó fẹ́ kí nǹkan náà wuyì. Bó ṣe ń ṣe mí gan-an nìyẹn nígbà tí mo dúró níwájú káńtà.

Ọmọkùnrin tó ń ta pàátì kó méjì kalẹ̀. Èkíní jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì gan-an, èyí tí gbogbo wa ń pè ní órìjínà. Kò dán, àwọ̀ fàdákà lásán ni, inú páálí pẹlẹbẹ ni wọ́n kó o sí. Ìkejì jẹ́ àfirọ́pò, èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe: kúróòmù láti ìdí dé orí, tọwọ́ ìjánu tọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara. Owó órìjínà tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Mo gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbé ọ̀kan sọ́wọ́ òsì. Oníkúróòmù ló wúwo jù. Mo ní èyí tó wúwo ni yóò lágbára, mo sanwó, mo sì fi ìdùnnú gùn lọ sílé. Ìwúwo yẹn ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. N ó padà sórí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí mo gbọ́ tí mi ò gbà

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gun Harley-Davidson. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kúróòmù tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Ilé-iṣẹ́ náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Milwaukee lọ́dún 1903, ń ta ọwọ́ ìjánu, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti ilé suwíìṣì oníkúróòmù tirẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí hándù rẹ̀ dán. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ń ṣe tiwọn, owó wọn sì máa ń rọjú ju ti ilé-iṣẹ́ lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí n tó lọ sọ́jà ni mo ti ya fọ́tò irú èyí tí mo fẹ́ rà lára máṣíìnì ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀.

“Ṣé ó dán, ṣé kò dán, ìyẹn kọ́ ni kó o bi mí,” wọ́n ní. “Ta ló wọn ìwọ̀n rẹ̀? Ṣé ẹni tó ṣe é tiẹ̀ mọ irú máṣíìnì tó ń lọ?”

Wọ́n ṣàlàyé tiwọn fún mi. Epo ni ìjánu tiwọn ń lò, kò lo wáyà bíi tèmi. Pístìnì kékeré kan wà nídìí ọwọ́ ìjánu tó ń ti epo náà lọ sídìí kẹ̀kẹ́. Bí ihò tí pístìnì ń gbà bá fẹ̀ jù, ọwọ́ ìjánu á le gbagidi, agbára tó ń dé ìdí kẹ̀kẹ́ á sì dínkù. Bí ihò náà bá há jù, ọwọ́ ìjánu á lọ kan hándù kí máṣíìnì tó dúró. Máṣíìnì tó ní díìsì kan níwájú, ìyẹn irin pẹlẹbẹ rìbìtì tí ìjánu ń fún mú, àti èyí tó ní méjì, ìwọ̀n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ra odindi ẹ̀yà yẹn nítorí ìdán nìkan, tí kò béèrè ìwọ̀n, ó ti fi ìjánu rẹ̀ sílẹ̀ fún orí.

Ohun kan tí wọ́n sọ tí mo fẹ́ràn ni pé àfirọ́pò yàtọ̀ sí ayédèrú. Wọ́n ní àwọn àfirọ́pò kan wà tí wọ́n ṣe dáadáa ju órìjínà lọ, tí èèyàn lè yí ìdè kékeré kan lára rẹ̀ kó lè sún mọ́ ìka ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lára mu, nítorí ìka mi kúrú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gbogbo ìgbà tí mo bá na ìka mi mú ìjánu ni mo máa ń rò ó pé ọwọ́ ọkùnrin ni wọ́n fi wọn gbogbo máṣíìnì tó wà nílẹ̀ yìí. Tí mo bá rí irú àfirọ́pò yẹn rà ní Adó, n ó rà á. Ayédèrú ni tirẹ̀ yàtọ̀: a fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn sára páálí, a fi irin burúkú sínú rẹ̀. Ìṣòro wa ni pé orí káńtà kan náà ni gbogbo wọn jọ máa ń wà.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ ra èyí tí mo fẹ́ rà tẹ́lẹ̀.

Ó kàn dùbúlẹ̀ ni

Oṣù méjì ni mo fi lò ó. Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà yẹn tí mi ò kà sí. Apá mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bí mo bá ti ń ti Ẹ̀fọ̀n bọ̀; mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Lọ́jọ́ kan pẹ̀lú, ní Ìtawùrẹ́, awakọ̀ kan fọn fèrè mọ́ mi lẹ́yìn kíkankíkan, ó yọrí jáde, ó ní iná ẹ̀yìn mi kì í tàn tí mo bá ń dúró. Mo ní gílóòbù ló jó.

Ní oṣù keje, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé máṣíìnì mi sórí sítáńdì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré kan, mo wọlé lọ bá bàbá àgbẹ̀ kan sọ̀rọ̀ nípa àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lásìkò òjò. A ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí mo fi gbọ́ gbì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún sítáńdì náà ti rì sínú ilẹ̀ tútù. Kò sẹ́ni tó wà lórí rẹ̀, kò sáré, kò kọlu ohunkóhun. Ó kàn dùbúlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe ń dùbúlẹ̀. Nígbà tí a gbé e dìde, ààbọ̀ ọwọ́ ìjánu iwájú ti wà nílẹ̀.

Bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀: jíà kìíní, ìjánu ẹsẹ̀, ibi tí gẹ̀rẹ́ bá sì ti pọ̀ jù, mo sọ̀kalẹ̀, mo ń dì í mú sẹ́yìn. Ìjánu ẹ̀yìn nìkan kò tó fún òkè yẹn. Bí máṣíìnì bá ń dúró, ẹrù rẹ̀ ń rọ́ síwájú ni, táyà iwájú ló sì ń di ilẹ̀ mú jù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà wa ló ń bẹ̀rù ìjánu iwájú, pé ó máa gbé àwọn ṣubú. Lóòótọ́, bí èèyàn bá já a gbà lójijì lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, ó lè gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń fún un díẹ̀díẹ̀, nítorí òun ló ní iṣẹ́ náà.

Lórí bẹ́ǹṣì Bàbá

Bàbá mẹkáníìkì mi ní Àrámọkọ ti dàgbà, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n gba ẹyọ irin náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nù ún, wọ́n gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé.

“Wo inú rẹ̀, ọmọ mi.”

Mo tẹ̀ síwájú. Ibi tó kán yẹn kún fún wóró wíníwíní tó ń tàn. Ihò kéékèèké méjì wà láàárín rẹ̀, bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Létí kan, ibì kan wà tí kò tàn rárá, tó dúdú, tó ṣe bí ilà èékánná ìka.

“Ibi tó dúdú yìí, kì í ṣe àná ló là. Nígbà tí wọ́n ti ń rọ ọ́ ni irin náà kò ti lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n wá fi èyí tó ń dán bò ó.” Wọ́n fi èékánná wọn họ etí kúróòmù náà, ó ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. “Ṣọ́ra, ó mú.”

Wọ́n lọ sídìí agolo mílíìkì kan tó kún fún ìdè àti bóòtù, wọ́n wá nínú rẹ̀, wọ́n fa ọwọ́ ìjánu mi àtijọ́ yọ, èyí tí mo ní kí wọ́n yọ dànù. Wọn ò dà á nù. Wọ́n fi fáìsì di ìdí oníkúróòmù tó kù mú, wọ́n fi òòlù kékeré kàn án lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé wọ́n lù ú gidi. Ó kán pẹ́ú, ó fò lọ sábẹ́ tábìlì. Wọ́n wá di ti àtijọ́ mú ní ibi kan náà, wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́ lórí, wọ́n sì fà á. Ó tẹ̀. Wọ́n tún fà á. Ó tún tẹ̀, láìyára, bí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kí àgbà. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n sì fi irin náà sílẹ̀ nínú fáìsì kí n lè rí i.

“Èyí máa ń sọ fún èèyàn kó tó lọ,” wọ́n ní. “Ìyẹn kì í sọ.”

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó lórí ìjókòó. Ohun tó ń yí lórí mi ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni irin yẹn ti ṣubú pẹ̀lú mi, tó tẹ̀, tó sì gbé mi délé. Títẹ̀ rẹ̀ yẹn gan-an ni mo kà sí àbùkù. Ohun tó ti sọ fún mi ni mo wò bí ẹ̀gbin, mo sì lọ sanwó fún èyí tí kò ní í sọ nǹkan kan fún mi títí yóò fi dá mi dá òkè.

Bàbá ò tíì ṣe tán. Wọ́n mú rúlà, wọ́n wọn ọwọ́ ìjánu méjèèjì láti ihò bóòtù tó dè é mọ́ hándù títí dé ihò tí orí wáyà ìjánu ń wọ̀. Ti àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 25. Ti oníkúróòmù jẹ́ 29. Mìlímítà mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n bí gígùn ọwọ́ ìjánu méjèèjì bá dọ́gba, bí ihò wáyà bá ṣe jìnnà sí ibi tó dè mọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ìka rí fà lára wáyà yóò ṣe dínkù tó. Mo ṣírò rẹ̀ nígbà tí mo délé: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú méje agbára ìka mi tí ń ṣòfò ní gbogbo ìgbà tí mo fún ìjánu. Apá tó ń ro mí kò rọ̀ mọ́ iṣẹ́ àṣejù. Iná ẹ̀yìn náà, gílóòbù rẹ̀ pé: etí oníkúróòmù náà ni kò bá suwíìṣì kékeré tó ń tan iná nígbà tí a bá fún ìjánu mu.

Ìwúwo rẹ̀ ńkọ́? Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ti ilé-iṣẹ́. Bàbá ní síǹkì ló pọ̀ jù nínú ìkejì, síǹkì sì wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rọrùn láti yọ́, ó sì rọrùn láti dà sínú àpẹẹrẹ. Ohun tí mo gbé lọ́wọ́ ní ọjà tí mo pè ní agbára nìyẹn.

Mo bẹ Bàbá kí wọ́n na ti àtijọ́, kí wọ́n dá a padà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní irin tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n ti nà tó ìgbà mẹ́ta, ó ti rẹ̀ ẹ́ nínú, ó ti ṣe tirẹ̀.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kà nípa kúróòmù. Ará Faransé kan, Vauquelin, ló rí i lọ́dún 1797, orúkọ tí wọ́n sì fún un wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí àwọ̀. Èyí tó wà lára máṣíìnì fẹ́lẹ́ ju ohun tí mo lè fojú inú rí: kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Irun orí nípọn jù ú lọ lọ́nà tó ju àádọ́ta. Níkẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìdán yẹn, òun náà ló ń dènà ìpẹta. Kúróòmù ń bò ó kó má baà ṣú ni, kó má baà tètè ha. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lówó pọ́ọ́kú, níkẹ́ẹ̀lì yẹn ló máa ń dín kù, nítorí ẹni tó ń rà kò lè rí i.

Kúróòmù kankan lára ọwọ́ ìjánu kò fi agbára kún un. Bí irin ìsàlẹ̀ bá dára, ó dára. Bí kò bá dára, kúróòmù kò ní sọ ọ́ di dídára. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi wá yé mi: ẹni tó ra oníkúróòmù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì rẹ̀ ń ra irin tí wọ́n ti wọ̀n fún un, tí wọ́n wá wọ aṣọ fún. Èmi ra aṣọ nìkan.

Ìjánu

Kí máṣíìnì tó dé ilẹ̀ yìí ni a ti ní ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu ẹṣin ni ìjánu máa ń wà, ọwọ́ ẹni tó gùn ún ni okùn rẹ̀ ń wà. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gùn ún. Gàárì ni wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n ń fi awọ aláwọ̀ mèremère bò ó, wọ́n ń so ṣaworo mọ́ ọrùn ẹṣin. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn máa gbà kí wọ́n fi okùn jíjẹrà ṣe ìjánu nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ wuyì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ọlọ́kadà. Èmi ní owó oṣù, mo lè fi ọ̀sẹ̀ méjì tọ́jú owó órìjínà. Ẹni tó ń jíṣẹ́ owó ojoojúmọ́ fún ẹni tó ni máṣíìnì kò ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọwọ́ ìjánu rẹ̀ bá kán láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà kó tó di ọ̀sán, èyí tó bá sì wà níwájú rẹ̀ ni yóò rà. Ọmọ iléèwé méjì ló máa gbé lẹ́yìn. Tí mo bá bá a sọ pé kó ra órìjínà, ọ̀rọ̀ mi kò wọ̀n lórí owó tó wà lápò rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ fún un kò ná an ní kọ́bọ̀: kó wo orí ọwọ́ ìjánu náà bóyá ó ní kókó rìbìtì, nítorí kókó yẹn ni kì í jẹ́ kó gún èèyàn níkùn bó bá ṣubú, kó mì í nídìí bóyá ó ń gbọ̀n, kó mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kó fi ihò kan ihò. Kó fún un, kí ẹnìkan sì wo iná ẹ̀yìn. Àti pé bí wọ́n bá ní tókunbọ̀ tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, tí kò tíì tẹ̀ rí, kó fi ìdán sílẹ̀ kó mú ìyẹn.

Ohun tó wà lára rẹ̀ báyìí

Mo ra órìjínà. Àwọ̀ fàdákà lásán ni. Ìka mi ṣì ń nà díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n apá mi kò ro mí mọ́, iná ẹ̀yìn mi sì ń tàn. Nítorí pé ìdán ṣì wù mí, mo ra dígí ìwẹ̀yìn oníkúróòmù méjì àti ìdérí orí hándù, èyí tí kò ru ẹrù kankan. Bí ìyẹn bá ṣí tàbí tó kán, n ó jù ú nù, n ó ra òmíràn. Bàbá wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó yẹ máṣíìnì náà.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo fa irin kékeré náà yọ nínú báàgì mi ní ọ́fíìsì, mo fi han ẹni tí mo ti ya fọ́tò tirẹ̀ lọ́jọ́sí. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ó fi àtàǹpàkò pa ibi tó ń dán, ó yí i, ó sì rí ibi tó kán. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó dá a padà fún mi, ó mú kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì jáde lọ síta lọ dúró níwájú hándù rẹ̀.